Láti Easy Does It dé A-Line: bí ẹ ṣe máa gun àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ orí òkè Whistler ní ìpele-ìpele

Whistler wà ní British Columbia, ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, nǹkan bí 120 kìlómítà sí àríwá Vancouver lójú títì Highway 99. Nígbà òtútù, eré orí yìnyín ni wọ́n ń bá lọ síbẹ̀. Láti nǹkan bí àárín oṣù Karùn-ún wọ inú oṣù Kẹwàá, kẹ̀kẹ́ ló ni òkè náà. Ọdún 1999 ni pápá kẹ̀kẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lífítì á gbé ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ gòkè, ẹ̀yin á wá darí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ló ń tan àwọn àlejò jẹ. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí wíwa pẹ́dà gòkè, wàhálà ti dín nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ló kọ́kọ́ máa ń kú, kì í ṣe ẹsẹ̀, ọwọ́ tó bá sì ti kú kò lè tẹ bíréèkì.

Àwọ̀ kan, àkàbà méjì

Àmì mẹ́rin lẹ máa rí lẹ́nu àwọn ọ̀nà. Róbótó aláwọ̀ ewé ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Onígun mẹ́rin búlúù ni ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Dáyámọ́ńdì dúdú kan ni ti ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Dáyámọ́ńdì dúdú méjì, ẹ jẹ́ ká má tíì sọ̀rọ̀ ìyẹn. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè ní Faransé yóò rántí pé pupa wà láàárín búlúù àti dúdú níbẹ̀. Kò sí pupa ní Whistler. Ohun tí wọ́n ń kó sínú pupa lọ́hùn-ún, inú búlúù àti dúdú lẹ máa bá a níbí, nítorí náà ẹ má fi búlúù tilé díwọ̀n búlúù ibí.

Ohun tí àmì yìí kò sọ tán ni pé oríṣi ọ̀nà méjì ló wà lábẹ́ àwọ̀ kan náà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí katapílà kọ́: ó fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ dán, wọ́n fi erùpẹ̀ gbé ẹ̀gbẹ́ ìyànà rẹ̀ ga bí ògiri àwo kí táyà lè rí ibi fara tì, wọ́n sì mọ òkìtì tí kẹ̀kẹ́ ń fò sí i. Èkejì ni èyí tí wọ́n là sáàárín igbó: ó há, gbòǹgbò àti àpáta ló kún un, ìgbésẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba. B-Line, Crank It Up àti A-Line wà lórí àkàbà àkọ́kọ́. Schleyer, tó jẹ́ dúdú, wà lórí èkejì. Ẹni tó ń fò lórí A-Line bí ẹyẹ lè dé Schleyer kó máa fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, torí pé ọgbọ́n fífò kò kọ́ni bí a ṣe ń gba orí gbòǹgbò tútù. Ẹ gun àkàbà kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Ibi tí ẹ bá dé lórí ọ̀kan kò sọ ibi tí ẹ dé lórí èkejì.

Bíréèkì òsì ni ti iwájú

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀kadà gùn, àti ẹ̀yin tí ẹ kọ́ kẹ̀kẹ́ ní Ìlú Ọba, ẹ dúró gbọ́ èyí. Lórí ọ̀kadà, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú bíréèkì iwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ ti ẹ̀yìn. Lórí kẹ̀kẹ́ Ìlú Ọba, ọwọ́ ọ̀tún náà ni ti iwájú. Ní Kánádà, wọ́n yí i padà: ọwọ́ òsì ni iwájú, ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ̀yìn. Ẹni tó bá sáré tẹ òsì nítorí ó rò pé ti ẹ̀yìn ni, táyà iwájú á dúró gbagidi, òun fúnra rẹ̀ á sì gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti yá kẹ̀kẹ́, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ tẹ òsì nìkan, kí ẹ tì í síwájú. Tí táyà ẹ̀yìn bá gbé sókè, òsì ni ti iwájú nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù lè bá yín yí i padà tí ẹ bá bẹ̀ wọ́n ṣáájú. Tí wọn kò bá ráyè, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yí ká lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ máa tẹ ọ̀kan lẹ́yìn èkejì títí ìka yóò fi mọ̀ ọ́n láìronú.

Títún kẹ̀kẹ́ ṣe kí ẹ tó wọ lífítì

Fún àwọn ọ̀nà yìí, ẹ yá kẹ̀kẹ́ tí ṣọ́kì rẹ̀ ń rìn láti 160 dé 200 mílímítà níwájú àti lẹ́yìn, tí dísìkì bíréèkì rẹ̀ fẹ̀ tó 200 mílímítà. Kẹ̀kẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń gòkè lè sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀nà aláwọ̀ ewé, àmọ́ bíréèkì rẹ̀ á gbóná kí ọjọ́ tó kanrí.

1. Ìjókòó. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá. Ẹ kò ní jókòó lé e lójú ọ̀nà. Tó bá ga, á máa ti ìdí yín síwájú nígbà tí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́.

2. Ṣọ́kì. Ẹ wọ gbogbo ohun tí ẹ máa wọ̀ títí kan àpò ẹ̀yìn, kí ẹ dúró lórí pẹ́dà méjèèjì ní ìdúró tí ẹ máa fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹnì kan bá yín di kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ ti rọ́bà kékeré tó yí ọ̀pá ṣọ́kì ká dé ìdí rẹ̀, ẹ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ wọn ibi tó dé. Ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rì tó 30 nínú 100: tí ọ̀pá rẹ̀ bá ń rìn 60 mílímítà, 18 ni ẹ ń wá. Ti iwájú, 20 nínú 100: fọ́ọ̀kì (ṣọ́kì iwájú) 170 mílímítà á rì tó 34. Tó bá rì jù, ẹ fi póòǹpù ṣọ́kì fún un ní afẹ́fẹ́, 5 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà) lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún un wọ̀n. Ṣọ́kì ẹ̀yìn kan lè jẹ́ ti sípíríǹgì onírin. Ìyẹn kò gba afẹ́fẹ́, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì sí ti ìwọ̀n ara yín.

3. Táyà. Fún ẹni tó wọn nǹkan bí 75 sí 80 kílò, pẹ̀lú táyà tó nípọn tí kò ní tíúùbù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 24 sí 26 psi níwájú àti 27 sí 29 lẹ́yìn. Tí tíúùbù bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi 3 psi kún un. Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí fọkanáísà tó ti ń ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ lo géèjì, torí pé 3 psi péré ló wà láàárín táyà tó ń di ilẹ̀ mú àti táyà tó ń ta bí bọ́ọ̀lù.

4. Bíréèkì. Ẹ yọjú wo páàdì rẹ̀ láti òkè. Tí ohun tó ń bá dísìkì pàdé kò bá nípọn tó mílímítà kan mọ́, ẹ ní kí wọ́n fi tuntun sí i. Páàdì tuntun kì í mú láìjẹ́ pé a kọ́ ọ: ẹ sáré dé ìwọ̀n 20 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ fà á títí kẹ̀kẹ́ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ẹ tún sáré. Ìgbà ogún fún ti iwájú, ìgbà ogún fún ti ẹ̀yìn. Ẹ ṣètò ọ̀pá bíréèkì kí ìka ìfábẹ̀lá nìkan lè dé etí rẹ̀. Ìka mẹ́ta yòókù á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

5. Bóòtù ọrùn kẹ̀kẹ́. Ẹ mú bíréèkì iwájú, ẹ mi kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Tó bá ń ró kọ̀ kọ̀ níbi ọrùn, ó tú nìyẹn. Ẹ má wọ lífítì pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ti aṣọ: àṣíborí tó bo àgbọ̀n, ààbò orúnkún àti ìgúnpá, ìbọ̀wọ́ tó bo gbogbo ìka, awò tó dí ojú yíká, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú tí kò sì le. Ẹni tó bá ń lọ sí dúdú, kó fi ààbò ẹ̀yìn kún un. Ọrùn ọwọ́ àti egungun ejìká ló sábà máa ń kán, àwọn méjèèjì kò sì ní ààbò kan tó dá wọn nídè. Mímọ ibi tí agbára ẹni mọ ló ń dáàbò bò wọ́n. Àlejò tí kì í ṣe ará Kánádà ni yóò san owó ìtọ́jú ara rẹ̀, nítorí náà ẹ ka ìwé ìbánigbófò yín kó tó di pé ẹ wọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbánigbófò ìrìn-àjò ni kì í sanwó fún gígun kẹ̀kẹ́ nínú pápá tó ní lífítì àyàfi tí ẹ bá fi owó kún un.

Ọjọ́ kìíní: Easy Does It

Lífítì Fitzsimmons Express ló gbéra láti Village, ìlú tó wà ní mítà 675 sókè òkun. Bí mítà 340 ló ń gbé yín sókè, ibẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó bá gbọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́ sí i hàn yín lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó dé iwájú ìlà. Tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ lókè, ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kíákíá. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní bíréèkì lórí ìjókòó lífítì.

Easy Does It jẹ́ aláwọ̀ ewé. Ẹ gùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́, ìdúró lásán lẹ ń kọ́. Pẹ́dà méjèèjì dọ́gba, gìgísẹ̀ rì sílẹ̀, orúnkún àti ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀, gbogbo ìwúwo ara wà lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ ń darí ni, kò gbé nǹkan kan. Ẹ lè dán an wò: lórí ibi tó tẹ́jú, ẹ tú ìka mẹ́rin sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí orí yín bá ré síwájú, ara yín wà lọ́wọ́, kò tíì sí lẹ́sẹ̀.

Ìgbà kejì, bíréèkì. Ẹ fà á kí ẹ tó dé ìyànà, ẹ tú u sílẹ̀ kí ẹ tó wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìka ra bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló ń ba tirẹ̀ jẹ́: páàdì á gbóná, òkè rẹ̀ á máa dán bí gíláàsì, á bẹ̀rẹ̀ sí í han, tó bá tún gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, epo inú rẹ̀ á hó, ọ̀pá á sì lọ títí dé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láìmú. Ẹ fà á ṣinṣin, ẹ tú u. Tí dísìkì bá ń rùn bí irin jíjóná, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má da omi sí i, ó lè tẹ̀. Ẹ má sì fi ìka kàn án, á jó yín.

Ìgbà kẹta, ojú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà kò yàtọ̀. Táyà máa ń tẹ̀lé ojú: tí ẹ bá tẹjú mọ́ òkúta tí ẹ ń sá fún, ẹ máa bá òkúta náà pàdé ni. Bí ẹ bá ṣe ń wọ ìyànà kan, kí ojú ti wà níbi tó ti jáde.

Ẹ̀rí pé ẹ ti tó kúrò níbẹ̀: ẹ sọ̀ kalẹ̀ láìjókòó, ẹ lè dúró láàárín ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ méjì nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́, ọwọ́ yín kò sì le bí igi nígbà tí ẹ dé ìsàlẹ̀.

Búlúù: B-Line ṣáájú, Crank It Up lẹ́yìn

Ìyànà olódi ni B-Line fi ń kọ́ni. Ẹ wọ̀ ọ́ láti apá òde, kí ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ yín nígbà tí ara yín ṣì dúró, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífa bíréèkì láàárín odi. Táyà tí wọ́n ń fà kò lè fara tì, kẹ̀kẹ́ á dìde ṣánṣán, á sì gba orí odi lọ sínú igbó. Nígbà tí ẹ bá gba gbogbo ìyànà B-Line láìkan bíréèkì nínú ọ̀kankan, ẹ lọ sí Crank It Up.

Òkìtì olórí pẹrẹsẹ ló wà lórí Crank It Up: ibi ìgòkè, orí tó tẹ́jú, ibi ìsọ̀kalẹ̀. Inú rere ni òkìtì yìí ní, torí ẹni tí kò bá fò dé òdìkejì, orí rẹ̀ ló máa balẹ̀ sí. Òfin tí àwọn ará ibẹ̀ ń kọ́ àlejò ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gùn ún wò, kí ẹ tún un gùn, kí ẹ tó jẹ́ kó fò. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yí gbogbo rẹ̀ kọjá, táyà kò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀. Ìgbà kejì, ẹ mú eré pọ̀ sí i. Ìgbà kẹta ni fífò.

Bó ṣe ń lọ nìyí, ẹ jẹ́ ká tẹjú mọ́ ọn. Bí táyà iwájú bá ti ń gun ibi ìgòkè, ẹ tẹ orúnkún àti ìgúnpá kí ara rì. Bó ṣe ń súnmọ́ etí, ẹ fi ẹsẹ̀ ti pẹ́dà sílẹ̀, kí ara nà díẹ̀díẹ̀. Kó parí nínà gan-an nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá kúrò létí. Ẹ má fi ọwọ́ fà á. Lófuurufú, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gòkè wá bá yín, kí ojú ti wà níbi tí ẹ máa balẹ̀ sí. Tí ibi ìsọ̀kalẹ̀ bá dé abẹ́ yín, ẹ ti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ síwájú díẹ̀ kí táyà méjèèjì lè bá gẹ̀rẹ́ náà lọ, kí orúnkún gba ìwúwo.

Bó bá bàjẹ́, ìdí rẹ̀ kì í ju mẹ́rin lọ. Imú kẹ̀kẹ́ rì lófuurufú: ẹ fa bíréèkì létí òkìtì, tàbí ẹ le gbagidi, ṣọ́kì ẹ̀yìn ló wá ta yín síwájú. Kẹ̀kẹ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́: ẹ kò tọ́ nígbà tí ẹ ń gòkè. Ẹ balẹ̀ sórí pẹrẹsẹ pẹ̀lú ariwo: eré kò tó, ẹ máa tẹ̀lé ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ fojú díwọ̀n eré rẹ̀. Ẹ fò kọjá ibi ìsọ̀kalẹ̀: eré pọ̀ jù, èyí ló sì ń kán ọrùn ẹsẹ̀.

Dúdú: A-Line

Ọ̀nà tí orúkọ rẹ̀ kárí ayé nìyí, ìlà rẹ̀ sì lè gùn nígbà Crankworx, àjọ̀dún kẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2004. Òkìtì rẹ̀ tóbi ju ti Crank It Up lọ, wọ́n sì súnmọ́ra débi pé ẹni tó bá fa bíréèkì lẹ́yìn ọ̀kan kò ní ní eré tó fún èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ má wọ̀ ọ́ àfi tí ẹ bá ti fò gbogbo òkìtì Crank It Up mọ́lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀léra, láìkù síbì kan. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ibi gíga kan tí kẹ̀kẹ́ ti ń já wálẹ̀; wọ́n fi ń dá ẹni tí kò yẹ kó wọlé padà ni. Tó bá dẹ́rù bà yín, ìdáhùn nìyẹn. Àpáta tí wọ́n ń fò láti orí rẹ̀ wà níwájú sí i, ọ̀nà ìyàgò sì wà. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lókè àpáta náà, níbi tí àwọn tó ń bọ̀ ti lè rí yín, kí ẹ wo ẹni márùn-ún bó ṣe ṣe é.

Ẹ má dúró nísàlẹ̀ òkìtì láé. Ẹni tó wà lókè kò rí yín. Tí ẹnì kan bá ṣubú, kí ẹnì kan padà gòkè dé ibi tí wọ́n ti lè rí i kí wọ́n tó fò, kó gbé apá méjèèjì ṣe àgbélébùú lórí. Ẹ rántí orúkọ ọ̀nà tí ẹ wà àti ìkóríta tí ẹ kọjá gbẹ̀yìn kí ẹ tó pe 911. «Inú igbó» kò tó fún àwọn olùgbàlà.

Dirt Merchant náà jẹ́ dúdú lórí àkàbà yìí, àmọ́ ó le ju A-Line. Ní ti Schleyer àti gbòǹgbò, òjò ló ń yí gbogbo ìṣirò padà: gbòǹgbò tó dábùú, tó tún tutù, ẹ gbé táyà iwájú sọdá rẹ̀ ní tààrà, láìkan bíréèkì, láìyà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣubú níbẹ̀ ló fa bíréèkì lórí gbòǹgbò, kò fà á ṣáájú.

Ọ̀sán, àti òkè gan-an

Lẹ́yìn ọ̀sán, ní pàtàkì tí òjò kò bá rọ̀, ẹnu gbogbo ìyànà á ti di gbágungbàgun, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń fa bíréèkì. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, iṣan apá á le. Ẹ tètè fa bíréèkì díẹ̀ ṣáájú ibi tí wọ́n ti ń fà á, kí ẹ gba etí ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ ti dán. Àárọ̀ ni kí ẹ fi kọ́ nǹkan tuntun. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ń fi ìka méjì fa bíréèkì, ọjọ́ ti parí nìyẹn.

Táyà tó jò níbi òkúta sábà máa ń ní ihò méjì tó dojú kọra, bí ìgbà tí ejò bu nǹkan jẹ: afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré jù, irin táyà ló ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Ẹ fi 2 psi kún un lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ àwọn ọ̀nà dúdú gùn, Garbanzo Express á gbé yín kọjá Fitzsimmons, Peak Express á sì gbé yín dé nǹkan bí mítà 2,182, níbi tí Top of the World ti bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Village, bí mítà 1,500 lẹ máa sọ̀. Yìnyín máa ń pẹ́ lókè níbẹ̀, nítorí náà ó máa ń ṣí lẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹ béèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì yín dé ibẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ ló pọ̀ lójú ọ̀nà, igi kò sí, òtútù wà lóṣù Keje pàápàá. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn kò lè gbà wọlé, lítà omi kan ó kéré tán, tíúùbù kan àti póòǹpù. Béárì dúdú ń jẹko lábẹ́ lífítì. Tí ẹ bá rí i lójú ọ̀nà, ẹ dúró sọ́ọ̀ọ́kán, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ẹ fún un láyè. Ẹ má sáré.

Tí ẹ bá délẹ̀, ẹ yọjú wo páàdì kí ẹ tó wẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ gígùn kan láti orí òkè wá, nínú ẹrẹ̀, lè jẹ páàdì tó ti jẹ dé ìdajì láàárọ̀ tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, torí ìlà ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé gùn ju ti lífítì lọ.